Yíyọ igi ọkọ́ tó há

Yíyọ igi ọkọ́ tó há ni iṣẹ́ títú igi tí a fi ń di ọkọ́ mú kúrò nínú ihò irin rẹ̀, nígbà tí ó bá ti fún mọ́ ibẹ̀ tàbí tí ó bá dá sí inú rẹ̀. Iṣẹ́ yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá, títí kan àwọn tó wà ní abúlé oko àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà Àrà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọkọ́ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ níbẹ̀ fi ń kọ ebè iṣu, òun náà ni wọ́n sì fi ń ro oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Bí igi ọkọ́ bá dá ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, iṣẹ́ dúró, koríko kò sì ní dúró de àgbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ipá ni a fi yọ èyí tó kù nínú ihò, irin lè là, ọkọ́ a sì bàjẹ́ pátápátá.

Bí ọkọ́ ṣe rí

Ọkọ́ ní apá méjì: irin àti igi. Irin ní ojú fífẹ̀ tí a fi ń gbẹ́lẹ̀, àti ihò tí alágbẹ̀dẹ ṣe sí òkè rẹ̀. Igi rẹ̀ kúrú, ó sì tẹ̀. Láti ibi tí ẹ̀ka ti yọ lára igi ni a ti sábà máa ń gé e. A ó gbẹ́ orí rẹ̀ kí ó tín-ín-rín sí ìparí, kí ó lè wọ inú ihò dáadáa. Kò sí ìṣó tàbí àtè tó mú méjèèjì pọ̀. Fífún nìkan ni. Nítorí náà, bí a bá ti ń fi ọkọ́ gbẹ́lẹ̀ ni igi túbọ̀ ń wọ inú ihò sí i.

Ohun tó ń mú igi há

Igi máa ń wú bí ó bá mu omi, ó sì máa ń súnkì bí ó bá gbẹ. Ní ìbú igi ni ìyípadà yìí ti ń hàn. Ní gígùn rẹ̀, kò tó nǹkan. Ní àsìkò ọyẹ́, láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, igi a gbẹ, irin ọkọ́ a sì máa mì. Àwọn àgbẹ̀ mìíràn a wá rẹ orí ọkọ́ sínú omi kí igi lè wú. Ọgbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n omi kan náà ń mú kí inú ihò dípẹtà. Ìpẹtà gba ààyè ju irin tó jẹ run lọ. Ó ń kún àlàfo tó wà láàárín irin àti igi, ó sì ń fún méjèèjì pa pọ̀. Nígbà tí òjò bá dé ní oṣù Kẹta tàbí Kẹrin, igi a tún wú lé e lórí.

Ìlànà yíyọ rẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ ni láti gbẹ igi náà, kì í ṣe láti tún rẹ ẹ́. Bí igi tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4 bá súnkì ní ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò fi mílímítà 1.2 dínkù. Bí a bá sì da omi gbígbóná sórí irin tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ihò náà kò ní fi ju nǹkan bí mílímítà 0.03 fẹ̀ sí i. Oòrùn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ ju omi gbígbóná lọ.

Lẹ́yìn èyí, a ó ha erùpẹ̀ ẹnu ihò kúrò, a ó sì kán kẹrosíìnì díẹ̀ sí ojú ibi tí irin àti igi ti pàdé, kí ó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kẹrosíìnì máa ń wọ inú ìpẹtà.

Bí igi bá ṣì gùn tó láti dì mú, a ó fi àpò wé ẹnu ọkọ́, a ó sì fi òòlù onígi lu èjìká irin, ní ọ̀tún àti ní òsì ní àtẹ̀léra, kí irin lè máa kúrò lórí igi. Kò yẹ kí a fi irin lu irin, nítorí èérún rẹ̀ lè ta sí ojú.

Bí igi bá ti dá mọ́ ẹnu ihò, àárín èyí tó kù ni a ó dá ihò sí, tí a ó sì fi ìgbẹ́ là á sí wẹ́wẹ́. Bí àárín bá ti ṣófo, ẹ̀gbẹ́ kò ní ohun tí yóò fi fún mọ́ irin mọ́.

Iná àti ewu rẹ̀

Àwọn mìíràn a sọ ọkọ́ sínú iná kí igi lè jó. Igi yóò jó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọkọ́ tí alágbẹ̀dẹ ti mú le lè rọ̀, kí ó sì máa tẹ̀ bí ó bá kan òkúta. Ẹ̀wẹ̀, kò gbọdọ̀ sí iná nítòsí ọkọ́ tí a ti kán kẹrosíìnì sí. Bí iná bá di dandan, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni ó yẹ kí a gbé e lọ. Òun ní ẹmú àti ewìrì, ó lè mú kí ooru mọ sí ibi ihò, ó sì lè tún ẹnu ọkọ́ mú le bí ó bá ti rọ̀.

Àwọn irinṣẹ́ tó jọ ọ́

Ní ti àáké ìbílẹ̀, orí igi ni ihò wà, irin ni ó sì wọ inú rẹ̀. Ìdí irin tó yọ sí ẹ̀yìn ni a ń lù kí ó lè padà síwájú. Ní ti àdá tí a fi ìṣó kan èèkù rẹ̀, orí ìṣó ni a ó kọ́kọ́ fi ayùn irin rẹ́ kúrò. Àwọn tó ń fi pákó alásíá ṣeré lórí òkun náà ń bá irú ìṣòro yìí pàdé, nígbà tí iyọ̀ àti iyanrìn bá mú lẹ́bẹ́ abẹ́ pákó há sínú ihò rẹ̀. Lílù díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú òòlù tí kò le ni àwọn náà ń lò.

Dídènà rẹ̀

Igi tó ti gbẹ dáadáa ni ó yẹ kí a gbẹ́ fún ọkọ́. Kí a tó ki í bọ ihò, a lè fi epo díẹ̀ ra inú irin. Bí a bá ti oko dé, kí a nu ọkọ́, kí a sì fi í kọ́ sí ibi tí òjò kò dé.