Kí Ẹ Tó Kó Ẹbí Wọ Ọkọ̀ Òkun

Ní ọdún tó kọjá, ìyá kan tó ń kàwé lọ́dọ̀ wa mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ wá sí kíláàsì. Inú rẹ̀ ń dùn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní London ti ránṣẹ́ pè é. Ó fẹ́ kí ìyá wá bá òun, ìyàwó òun àti àwọn ọmọ wọn méjì rin ìrìn àjò afẹ́ ọjọ́ 14 lórí òkun. Nínú àwọn márààrún, kò sí ẹni tó wọ ọkọ̀ òkun rí.

Ìyá ní, "Tíṣà, wọ́n ti lẹ físà mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n kà á kí ẹ gbọ́."

Ó ka orúkọ ara rẹ̀. Ó ka ọjọ́. Lẹ́yìn náà ló fi ìka tọ́ ibì kan, ó ní, "Òdo rèé, ení rèé. Kí ni wọ́n ń kà níbí?"

A wò ó. Ibi tí wọ́n ń kọ iye ìgbà tí èèyàn lè wọlé sí ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n kọ fún un. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tí ọmọ rẹ̀ ti sanwó rẹ̀ yóò mú un wọlé lẹ́ẹ̀mejì!

A ó padà sórí ọ̀rọ̀ ìyá yìí láìpẹ́. Ohun tó kọ́ wa ni a fẹ́ sọ fún yín. Ọ̀pọ̀ wàhálà inú ìrìn àjò òkun kì í ti ojú omi wá. Ilé ni ó ti ń bá èèyàn lọ. Àwọn baba wa sì ti wí pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Irú ọkọ̀ wo nìyí?

Àwọn àgbà láàárín yín lè rántí ọkọ̀ Aureol ti ilé iṣẹ́ Elder Dempster. Ọdún 1951 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná òkun láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Èkó. Ó máa ń lo bí ọ̀sẹ̀ méjì lójú omi. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa ló bá a lọ kàwé ní òkè òkun. Ní 1974 ni ó ṣíwọ́, nítorí ọkọ̀ òfurufú ti gba èrò lọ́wọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá wọ Aureol fẹ́ dé ibì kan ni. Ọkọ̀ afẹ́ òde òní yàtọ̀. Ó ń gbé èrò kúrò ní èbúté kan, á yà ní ìlú yìí, á yà ní ìlú ọ̀hún, lẹ́yìn náà á dá wọn padà síbi tó ti gbé wọn. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Ẹ kúkú pè é ní ilé ìtura tó ń rìn lójú omi.

Ọjọ́ mélòó ni agbára yín gbé?

Southampton, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọkọ̀ ìyá yìí yóò ti gbéra. Yóò yà ní Lisbon ní ilẹ̀ Pọ́túgà, yóò yà ní Casablanca ní Mòrókò. Láti ibẹ̀, ó di erékùṣù Canary tó jẹ́ ti Spéènì, àti erékùṣù Madeira tó jẹ́ ti Pọ́túgà. Lẹ́yìn náà ni yóò padà sílé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti Southampton dé Lisbon, ó tó bí ọjọ́ méjì lójú omi. Láti Madeira padà, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta. Èyí túmọ̀ sí pé bí ọjọ́ márùn-ún nínú 14, omi nìkan ni ojú yóò máa rí. Ọkọ̀ náà yóò sì gba apá òkun kan tí wọ́n ń pè ní Biscay, níwájú ilẹ̀ Faransé àti Spéènì. Ibẹ̀ a máa ru gan-an, pàápàá ní ìgbà òtútù.

Nítorí náà, ẹ má fi ẹsẹ̀ ẹni tó yára jù wọn ìrìn náà. Ẹsẹ̀ ẹni tó lọ́ra jù ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ṣé màmá lè jókòó sínú ọkọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìtẹ ilẹ̀? Ṣé ọmọ ọdún mẹ́rin kò ní da ilé rú? Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ kọ́kọ́ rin ti ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ fi dán ara yín wò.

Ọmọ ọwọ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kì í gba ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Bí ọjọ́ tí a ó lò lójú omi bá pọ̀, òmíràn á ní kí ọmọ pé oṣù 12. Aláboyún náà ní òfin tirẹ̀. Bí oyún yóò bá ti pé ọ̀sẹ̀ 24 kí ìrìn tó parí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní gbé e.

Ẹ má sì gbàgbé ilé ìwé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òbí tó bá mú ọmọ kúrò ní ilé ìwé láìgba àṣẹ lè san owó ìtanràn. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, ó ti di £80 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, fún òbí kọ̀ọ̀kan. Bí ọjọ́ 21 bá kọjá láìsan án, ó di £160. Bàbá àti ìyá tó ní ọmọ méjì, ẹ̀ẹ̀mẹrin £80 ni, èyí jẹ́ £320. Ẹ dúró de ìgbà ìsinmi.

Ìwé ni ọ̀gá

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ ìyá wa. Ju orílẹ̀-èdè 25 lọ ní Yúróòpù ló sọ ẹnubodè wọn di ọ̀kan. Schengen ni wọ́n ń pe àjọṣe náà. Pọ́túgà wà níbẹ̀, Spéènì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ ọ̀kan, ó ti wọ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n Mòrókò kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ̀ bá dé Lisbon, ìyá ti wọlé lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó bá kọjá sí Casablanca, ó ti jáde. Nígbà tó bá dé erékùṣù Canary, ó tún fẹ́ wọlé nìyẹn. Físà rẹ̀ kò sì gbà á láyè.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: bí wọ́n bá kọ 01 sí físà yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni. Bí ó bá jẹ́ 02, ẹ̀ẹ̀mejì ni. Bí ó bá jẹ́ MULT, èèyàn lè wọlé, kó jáde, títí ọjọ́ tí wọ́n fún un yóò fi pé.

Ìyá pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù lójú wa. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kọ síbí o. Ọkọ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀melòó ló máa wọlé?"

Ọmọ dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Háà, Màámi, ẹ ṣeun o. Orúkọ yín àti ọjọ́ nìkan ni mo wò nínú fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́."

Ẹ má bá a wí. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀, ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọn kò nílò físà fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀, kò sì wá sí i lọ́kàn. Ìwé ẹnì kan nínú ẹbí kì í ṣe ìwé gbogbo ẹbí.

Nígbà tó bi ilé iṣẹ́ ọkọ̀, wọ́n sọ fún un gbangba pé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá pé ní èbúté kò ní wọkọ̀, a kò sì ní dá owó rẹ̀ padà. Ó bá pààrọ̀ ìrìn náà sí ti ọkọ̀ mìíràn tí kò ní dé Mòrókò rárá. Ó fi owó díẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ìyá rí ọkọ̀ wọ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ gbogbo ìlú tí ọkọ̀ yóò yà sílẹ̀. Ẹ bèèrè ìwé tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó pé físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní kú kí ọkọ̀ tó padà sí Southampton. Ẹ rí i pé orúkọ inú tíkẹ́ẹ̀tì bá ti inú ìwé ìrìnnà mu. Schengen ń fẹ́ kí ìwé ìrìnnà ṣì ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ ó jáde. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ mìíràn á ní oṣù mẹ́fà. Bí ọmọ kékeré bá sì ń bá ìyá àgbà lọ láìsí òbí rẹ̀, kí òbí kọ ìwé pé òun fọwọ́ sí i.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe gbogbo owó

Tíkẹ́ẹ̀tì máa ń san owó yàrá, oúnjẹ inú gbọ̀ngàn ńlá, eré alẹ́ àti ibi ìṣeré àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n ọtí, íntánẹ́ẹ̀tì, ìfọṣọ, mọ́tò tí yóò mú yín rìn kiri ìlú, àti dókítà inú ọkọ̀, ọ̀tọ̀ ni owó wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Káàdì yàrá ni wọ́n fi ń rajà. Ẹ ó kàn na káàdì ni, ọjọ́ ìkẹyìn ni gbèsè yóò tó fojú hàn. Kí ẹbí pinnu iye tí wọn yóò ná lóòjọ́, kí wọ́n sì máa bèèrè iye tí wọ́n ti jẹ ní alaalẹ́. Ẹ pa ìlà fóònù yín bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní èbúté, torí ìlà ojú òkun wọ́n púpọ̀.

Ẹ má ṣe lọ láìní ìwé adójútòfò. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún ará ìlú kì í san owó dókítà ọkọ̀. Bí wọ́n bá ní láti fi bàálù gbé aláìsàn láti ojú òkun, owó rẹ̀ lè run ẹbí. Bí màmá bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń ra ìwé náà. Ẹni tó bá fi àìsàn pamọ́, lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé, wọn ò ní sanwó.

Yàrá àti àìsàn òkun

Yàrá tí kò ní fèrèsé ló pọ́ọ́kú jù. Èyí tó ní fèrèsé tẹ̀lé e, èyí tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ síta ló wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí òòyì ń tètè kọ́, ibi tí yàrá wà ló ṣe pàtàkì sí i. Àárín ọkọ̀, ní àjà ìsàlẹ̀, ni ọkọ̀ kì í ti í mì púpọ̀. Bí èébì bá ń gbé yín, ẹ jáde síta, kí ẹ tẹjú mọ́ ibi tí òkun àti ojú ọ̀run ti pàdé. Ìyá wa gbé atalẹ̀ lọ, ó ní ó ran òun lọ́wọ́.

Ẹ fi oògùn sínú àpò ọwọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ni yóò gba àpótí ńlá lọ́wọ́ yín, ó sì lè pẹ́ kó tó dé yàrá. Ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù dání, wọn yóò gbà á nítorí iná. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, torí àrùn ìgbẹ́ gbuuru àti èébì a máa tètè ràn nínú ọkọ̀ tí èrò pọ̀ sí.

Ẹ má fi ìdánrawò ṣeré

Ní 13 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, ọkọ̀ afẹ́ Costa Concordia kọlu àpáta lẹ́bàá erékùṣù Giglio ní Ítálì. Èèyàn tó ju 4,200 lọ ló wà nínú rẹ̀. Èèyàn 32 ló kú. Àwọn kan tó wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an kò tíì ṣe ìdánrawò ààbò. Láti 2015, òfin àgbáyé ti sọ pé kí èrò ṣe é kí ọkọ̀ tó gbéra, tàbí bó bá ṣe ń gbéra gẹ́lẹ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá pè yín, ẹ lọ. Ẹ mọ ibi tí ẹ̀wù amúniléfòó wà. Ẹ mọ ibi tí ẹbí yín yóò péjọ sí. Kí ẹ sì bèèrè ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń gbàgbé: bí ọmọ bá wà ní ibi ìṣeré nígbà tí aago ewu bá dún, ta ni yóò mú un wá bá wa?

Ọkọ̀ kì í dúró

Ní ìlú tí ọkọ̀ bá yà sí, wọn yóò kọ aago tí gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti padà. Aago ọkọ̀ ni wọ́n ń lò, ó sì lè yàtọ̀ sí ti ìlú. Fóònù a máa yí aago rẹ̀ padà fúnra rẹ̀, á sì tan èèyàn jẹ. Ìyá wa so aago ọwọ́, ó yí i sí aago ọkọ̀, òun ló sì ń dá ẹbí padà ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá bá mọ́tò ilé iṣẹ́ ọkọ̀ jáde tí ó sì pẹ́, ọkọ̀ sábà máa ń dúró dè é. Bí ẹ bá dá jáde, tí ẹ sì pẹ́, ọkọ̀ á lọ. Owó ara yín ni ẹ ó fi wọ bàálù lọ bá a ní èbúté tó kàn.

Oṣù kẹjọ ni wọ́n lọ, wọ́n sì padà ní àlàáfíà. Nígbà tí ìyá padà wá sí kíláàsì, a bi í pé kí ló dùn mọ́ ọn jù. A rò pé yóò sọ òkun. Ó ní, "Ní èbúté Southampton, òṣìṣẹ́ yẹn yẹ ìwé mi wò, ó tún un yẹ̀ wò. Ẹ̀rù ò bà mí. Mo ti kà á."

Ìbéèrè

1. Kí ni 01, 02 àti MULT túmọ̀ sí nínú físà Schengen?
2. Kí ló dé tí Mòrókò fi fẹ́ ba ìrìn àjò ìyá yìí jẹ́?
3. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í san.
4. Apá ibo nínú ọkọ̀ ni yàrá ẹni tí òòyì ń kọ́ yẹ kó wà?