Òótọ́ tó ń tajà: bí ọ̀rọ̀ oníṣòwò ṣe ń darí ọkàn oníbàárà

Wọ́n kọ àkọlé méjì fún ẹran màlúù lílọ̀. Ọ̀kan sọ pé ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kò lọ́ràá. Èkejì sọ pé ìdá 25 rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá. Ẹran kan náà ni, ìṣirò kan náà sì ni. Síbẹ̀, nínú ìwádìí tí Irwin Levin àti Gary Gaeth gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1988, ẹran náà wu àwọn tó rí àkọlé àkọ́kọ́ ju bó ṣe wu àwọn tó rí èkejì lọ. Ìgbà tí wọ́n tọ́ ọ wò ni ìyàtọ̀ èrò wọn tó dín kù.

Kò sí irọ́ nínú àkọlé méjèèjì. Ọkàn ẹ̀dá ló ní ibi tó ń tẹ̀ sí, oníṣòwò tó bá sì mọ ibẹ̀ lè fi òótọ́ pọ́ńbélé darí wa.

Àdánù ń dunni ju bí èrè ṣe ń dùn mọ́ni

Lọ́dún 1979, Daniel Kahneman àti Amos Tversky, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá láti Ísírẹ́lì, ṣàlàyé pé iye téèyàn pàdánù máa ń dùn ún ju bí inú rẹ̀ ṣe máa dùn lọ ká ní iye náà ló jèrè. Kahneman gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé lọ́dún 2002.

Nígbà tí àríyànjiyàn dé ní Amẹ́ríkà pé kí ọlọ́jà máa gba owó ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fi káàdì rajà, àwọn aṣojú iléeṣẹ́ káàdì fẹ́ kí wọ́n pe ìyàtọ̀ náà ní ẹ̀dínwó fún ẹni tó san owó lọ́wọ́, kì í ṣe àfikún fún oníkáàdì. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé Richard Thaler tọ́ka sí i lọ́dún 1980. Ká ní ẹnì kan san 100 dọ́là, tí ẹlòmíì san 103, dọ́là mẹ́ta náà ni ìyàtọ̀ wọn, orúkọ yòówù tí a bá pè é. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti gbójú fo ẹ̀dínwó ju kéèyàn yọ owó kún owó lọ.

Iye tó bá kọ́kọ́ wọlé

Kahneman àti Tversky tún yí àgbá kẹ̀kẹ́ kan tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, tí wọ́n ti ṣètò kó máa dúró lórí 10 tàbí 65 nìkan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó jẹ́ ti Áfíríkà. Ìdáhùn àárín láti ọ̀dọ̀ àwọn tó rí 10 jẹ́ 25; ti àwọn tó rí 65 jẹ́ 45. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ rí ló fa ìdáhùn wọn sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́jà fi ń kọ 50,000 náírà, tó ń fa ìlà lé e lórí, kó tó kọ 30,000 sábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó bá la ẹ̀mí lọ

Sìgá tí wọ́n pè ní “Light”, ìyẹn “fúyẹ́”, léwu ju gbogbo èyí lọ. Wọ́n lu ihò tín-tìn-tín sí ìdí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè bá èéfín náà dà pọ̀, ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀dà inú èéfín sì ń sọ pé ó kéré. Ṣùgbọ́n ìka àti ètè amusìgá ń dí àwọn ihò náà, ó sì ń fà á kíkankíkan. Lọ́dún 2006, adájọ́ Gladys Kessler ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé àwọn iléeṣẹ́ sìgá tan aráàlú jẹ. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 2009 fòpin sí orúkọ náà, ni Marlboro Lights bá di Marlboro Gold.

Ohun tó lè gbà wá

Bí ìjọba bá fòfin de ọ̀rọ̀ kan, òmíràn á jáde. Èyí tó múná dóko ni kí òfin pa á láṣẹ pé kí wọ́n kọ apá kejì ọ̀rọ̀ síta. Láti ọdún 1968 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ayánilówó kọ èlé rẹ̀ ní ìdá ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Èlé náírà kan lórí 100 lójúmọ́ dà bíi pé kò tó nǹkan. Tí a bá kà á dé ọdún kan, ó di náírà 365 lórí 100. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ yáwó lórí fóònù rí iye kejì yìí kó tó tẹ “mo gbà”. Bí ayánilówó kò bá kọ ọ́, ẹ fúnra yín ni kí ẹ máa ṣe ìṣirò náà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.