Fúláwà Aláwọ̀ Ìyeyè Tó Wà Lágbàlá: Kí Lorúkọ Rẹ̀?

Yálà Ìkàrẹ́ lẹ wà o, yálà Ọ̀kà ni, ọ̀rọ̀ tòní ò jìnnà sí yín. Ẹ gba ilé, ẹ bá igi fúláwà kan lágbàlá, òdòdó rẹ̀ láwọ̀ ìyeyè, ẹnikẹ́ni ò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ẹnì kan ní ewé rẹ̀ dáa fún ibà, ẹlòmíì ní ẹwà lásán ni. Ta ni ká gbà gbọ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo igi náà fúnra rẹ̀. Igi méjì làwọn èèyàn sábà máa ń ṣì mú fún ara wọn: Allamanda, tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, àti yellow oleander, tó wá láti apá Mẹ́síkò. Ẹbí kan náà ni wọ́n, àwọn méjèèjì ló sì ní oje funfun. Torí náà, ẹ má fi àwọ̀ òdòdó tàbí oje pinnu.

Ewé ni kẹ́ ẹ wò. Ti Allamanda fẹ̀ díẹ̀, mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì sábà máa ń yọ lójú kan náà lára ẹ̀ka. Ti yellow oleander tín-ín-rín, ó gùn, ó ń dán, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń yọ. Òdòdó Allamanda máa ń là gbayawu. Ti èkejì dà bí àrọ, kì í là tán. Èso ló wá parí ẹjọ́: ti Allamanda ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ lára, ti yellow oleander ní igun, ó máa ń dúdú tó bá gbó, kóró líle sì wà nínú rẹ̀.

Kí nìdí tá a fi ń yọ ara wa lẹ́nu báyìí? Májèlé tó ń kọlu ọkàn wà nínú gbogbo ara yellow oleander, kóró rẹ̀ ló sì burú jù. Ẹ má fi ṣe àgbo. Allamanda náà kì í ṣe ohun jíjẹ. Ó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Bọ́mọdé bá jẹ èyíkéyìí, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú ẹ̀ka igi náà dání.

Tí kò bá yé yín síbẹ̀, fọ́tò òdòdó nìkan ò tó, kódà fún Google Lens. Ẹ gé ẹ̀ka tó ní ewé, òdòdó àti èso, ẹ fi ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ yín dáadáa. Àwọn onímọ̀ ewéko wà ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásìn, Àkùngbá, nítòsí wa níbí.

A ò ní kẹ́ ẹ hú u o. Àmọ́ bí ọmọ kékeré bá wà nílé, ẹ mọ orúkọ rẹ̀ ná.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.