Ṣé ẹ̀bi ṣì wà fún onígbàgbọ́ tó bá dẹ́ṣẹ̀?

Ìbéèrè kan wà tó máa ń da ọkàn ọ̀pọ̀ ọmọlẹ́yìn Kristi láàmú: ẹni tó ti gba Jésù gbọ́, tó sì tún padà dẹ́ṣẹ̀, ǹjẹ́ ẹ̀bi ṣì wà lórí rẹ̀ níwájú Ọlọ́run? Àwọn kan ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti dèrò ọ̀run àpáàdì. Àwọn mìíràn ní kò séwu, nítorí pé oore-ọ̀fẹ́ ti bo gbogbo rẹ̀. Ìdáhùn méjèèjì ló ti ṣe àkóbá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ti àkọ́kọ́ máa ń mú kí ẹni tó ṣubú fi ìtìjú sá fún ṣọ́ọ̀ṣì pátápátá. Èkejì a sì máa jẹ́ kí ẹlẹ́ṣẹ̀ jókòó ti ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ láìbìkítà.

Lẹ́tà tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù ní nǹkan bí ọdún 57 lẹ́yìn ìbí Kristi ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Ní orí kẹjọ, ẹsẹ kìn-ín-ní, àpọ́sítélì náà sọ pé ìdálẹ́bi ti kúrò lórí ẹni tó bá wà nínú Kristi Jésù. Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni èyí. Ẹni tó bá dé iwájú adájọ́, yálà kó jàre tàbí kó jẹ̀bi. Onígbàgbọ́ jàre, kì í ṣe nítorí pé kò ṣẹ̀, bí kò ṣe nítorí pé Kristi ti jìyà ẹ̀ṣẹ̀ náà dípò rẹ̀.

Nínú Bíbélì èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Ọba James ní kí wọ́n ṣe, èyí tó jáde lọ́dún 1611, àfikún kan wà nínú ẹsẹ náà, pé àwọn tí kò rìn nípa ti ara bí kò ṣe nípa ti Ẹ̀mí ni ọ̀rọ̀ náà wà fún. Àfikún yìí ni àwọn oníwàásù kan dì mú, tí wọ́n fi ń sọ pé ọjọ́ tí onígbàgbọ́ bá ti ṣìnà ni ẹ̀bi padà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí nínú ẹsẹ kìn-ín-ní nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ tó pẹ́ jù lọ; ẹsẹ kẹrin ló wà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ òde òní kò fi fi í síbẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀bi yàtọ̀ sí ìbáwí. Nígbà tí Dáfídì gba ìyàwó Ùráyà, tó sì mú kí wọ́n pa ọkùnrin náà, wòlíì Nátánì sọ fún un pé Ọlọ́run ti mú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kúrò. Lẹ́sẹ̀ kan náà ló sọ fún un pé ọmọ tí obìnrin náà bí yóò kú, idà kò sì ní kúrò nílé rẹ̀. Ọba rí ìdáríjì gbà, ṣùgbọ́n ó jẹ nínú èso ohun tó gbìn. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Adájọ́ ló ń dáni lẹ́bi. Bàbá ló ń báni wí.

Kí wá ni ti ìkìlọ̀ tó wà nínú ìwé Hébérù, orí kẹwàá, ẹsẹ kẹrìndínlọ́gbọ̀n? Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lédè Gíríìkì fi hàn pé ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ń bá ẹ̀ṣẹ̀ lọ láìdúró ló ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń sunkún. Àwọn tó fẹ́ kẹ̀yìn sí Kristi pátápátá ni ìwé náà ń kìlọ̀ fún.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjọ rú rí. Lọ́dún 250, Késárì Decius pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn rúbọ sí àwọn òrìṣà Róòmù. Ọ̀pọ̀ Kristẹni rúbọ nítorí ẹ̀rù ikú. Àwọn mìíràn fowó ra ìwé ẹ̀rí pé àwọn ti rúbọ. Nígbà tí inúnibíni rọlẹ̀, wọ́n fẹ́ padà. Novatian, àlùfáà kan ní Róòmù, kọ̀ jálẹ̀. Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage ní Àríwá Áfíríkà, ní tí wọ́n bá fi ẹ̀rí ìrònúpìwàdà hàn, kí wọ́n gbà wọ́n. Ti Cyprian ló borí, ìpàdé ńlá tó wáyé ní Nicaea lọ́dún 325 sì ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Novatian tó bá fẹ́ padà kọ́kọ́ gbà láti bá irú àwọn tó ṣubú bẹ́ẹ̀ jọ́sìn pọ̀.

Títí dòní, ohùn àwọn ìjọ kò ṣọ̀kan. Ìjọ Àgùdà gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ wíwúwo tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ dá ń gba oore-ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó tún rí i gbà nípa ìjẹ́wọ́. Àwọn tó tẹ̀lé Calvin sọ níbi ìpàdé Dort, lọ́dún 1618 sí 1619, pé àyànfẹ́ Ọlọ́run lè ṣubú gidigidi, ṣùgbọ́n kò ní ṣègbé. John Wesley ní ó lè ṣègbé bí kò bá padà. Ẹ̀kọ́ Wesley bá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wọ Àgbádárìgì lọ́dún 1842; lọ́dún 1850 ni Thomas Jefferson Bowen ti ìjọ Onítẹ̀bọmi dé, ẹ̀kọ́ ìjọ tirẹ̀ sì sún mọ́ ti Dort.

Ibi tí gbogbo wọn ti pàdé ṣe pàtàkì ju ibi tí wọ́n ti yà lọ. Kò sí èyí tó ní ẹ̀ṣẹ̀ kò tó nǹkan, kò sì sí èyí tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ronú pìwà dà. Ẹni tó ṣubú, tó ń bèèrè ọ̀nà ìpadà, kò tíì di ẹni ìtanù. Ẹni tó yẹ kí ẹ̀rù máa bà ni ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ kò dùn mọ́.