Nígbà tí kọ̀ǹpútà mi bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ fún mi

Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí ara mi. Lọ́dún tó kọjá, kọ̀ǹpútà mi ni mo fi ń ṣe ìṣirò fún iṣẹ́ ìwádìí mi. Tí mo bá ṣe é lóru, èsì kan ló máa ń jáde. Tí mo bá tún un ṣe lọ́sàn-án, èsì mìíràn ni. Ìṣirò kan náà o! Kọ̀ǹpútà ò kú, kò kọ iṣẹ́, kò sì sọ pé nǹkan ń ṣe òun. Ó kàn ń purọ́ ni. Ẹ̀bi ta ni? Ẹ̀bi èmi fúnra mi ni. Mo ti ṣe overclocking fún un.

Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Nínú gbogbo prọ́sẹ́sọ̀, aago kan wà tó ń lù bí ìlù. Ẹ fojú inú wo onílù bàtá àti oníjó: bí ìlù bá ṣe ń dún ni ẹsẹ̀ á ṣe máa lọ. Tèmi, Ryzen 3 1200 tí AMD gbé jáde lọ́dún 2017, 3.1 GHz ni wọ́n dá a sí, ìyẹn ni pé ó ń lù ní ìgbà bílíọ̀nù mẹ́ta ó lé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Motherboard ló ń fún un ní 100 MHz, òun á wá sọ ọ́ di ìlọ́po 31. Tí ẹ bá wọ inú BIOS, tí ẹ sọ 31 di 39, ó di 3.9 GHz. Overclocking ò ju ìyẹn lọ: ẹ ní kí onílù yára ju bí wọ́n ṣe ní kó lù lọ.

Kí ló dé tó ṣeé ṣe? Ilé iṣẹ́ máa ń dán ṣíìpù wò kí wọ́n tó kọ iyára sí i lára, wọ́n sì máa ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kó má bàa já ẹnikẹ́ni kulẹ̀. Nígbà mìíràn, èyí tó lè sáré gan-an ni wọ́n á tà lówó pọ́ọ́kú, torí pé olówó pọ́ọ́kú lọjà ń béèrè. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni Celeron 300A tí Intel gbé jáde lọ́dún 1998. 300 MHz ni wọ́n kọ sí i lára: 66 MHz ní ìlọ́po 4.5. Intel ti ti ìlọ́po náà pa. Àwọn ọlọ́gbọ́n ò wulẹ̀ fọwọ́ kàn án, 66 yẹn ni wọ́n sọ di 100, ló bá di 450 MHz. Iyára Pentium II tó yára jù nígbà náà nìyẹn, tí owó rẹ̀ sì ju ìlọ́po mẹ́rin ti Celeron lọ!

Èmi náà jèrè. Ìṣirò tó ń gba wákàtí mẹ́wàá wá ń gba bíi mẹ́jọ. Ẹni tó bá ń gbé níbi tí iná kì í dúró mọ ohun tí wákàtí méjì jẹ́.

Àmọ́ ọ̀fẹ́ ò sí nínú físíìsì. Kó tó lè sáré bẹ́ẹ̀, mo gbé fóltéèjì rẹ̀ láti 1.2 sí 1.35. Agbára tí ṣíìpù ń jẹ ń bá iyára lọ, fóltéèjì sì ń wọ inú ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì. Tí a bá fi 3.1 pín 3.9, ó jẹ́ 1.26. Tí a bá fi 1.2 pín 1.35, tí a sì fi èsì náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó jẹ́ 1.27. Ẹ fi ọ̀kan sọ ìkejì di púpọ̀: 1.6. Iyára fi ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ooru fi bíi 60 lé.

Ibẹ̀ ni irọ́ ti wọlé. Transistor nílò àkókò díẹ̀ láti kúrò ní 0 bọ́ sí 1. Tí ìlù bá tún dún kí àmì tó dé ibi tó ń lọ, prọ́sẹ́sọ̀ lè ka 0 níbi tó yẹ kó ka 1. Oníjó ti ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyẹn. Ooru sì ń dín àyè tó kù kù. Lóru, yàrá mi tutù, ó ń bá ìlù lọ. Lọ́sàn-án, nínú ooru Ìbàdàn, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́. Tí àṣìṣe bá mú kí Windows kú, ẹ dúpẹ́, ẹ ti mọ̀. Èyí tó rọra wọnú nọ́ńbà yín ló léwu.

Mo ti fi àwòrán méjì látinú èsì yẹn ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó ń darí ìwádìí mi. Mo lọ bá wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, “Èwo ló wá jẹ́ òótọ́ nínú wọn?” Mi ò lè dáhùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ dán an wò, ẹ kọ́kọ́ wo motherboard yín: A320 ò gbà á fún Ryzen, B350 gbà á. Ẹ máa gbé iyára sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi Prime95 dán an wò fún ọ̀pọ̀ wákàtí, lọ́sàn-án gangan, torí pé ó máa ń fi èsì wé ìdáhùn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ máa ṣọ́ ooru rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì rántí pé tó bá bàjẹ́ nípa báyìí, wáráńtì ò ní gbà á.

3.6 GHz ni tèmi wà báyìí. Fún géèmù, ẹ sá a bó ṣe wù yín. Àmọ́ tó bá jẹ́ iṣẹ́ tí orúkọ yín máa wà lórí rẹ̀, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, lóru àti lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́.