Inú igbó ni agbára oyin wa wà

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn látijọ́ mọ̀ pé igbó àti oko ló pọ̀ láàárín Ìbàfò àti Mówè. Ẹ́sítéètì ló gba ibẹ̀ báyìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ifọ̀, níbi tí ilé ti ń lé oko lọ sí ọ̀nà Ewékorò tí wọ́n ti ń wa òkúta símẹ́ǹtì. Èrò tó ń ti Èkó bọ̀ nílò ibi tí wọn yóò gbé, n kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí katapílà bá wó àràbà oníhò kan, oyin inú rẹ̀ nìkan kọ́ ló ṣègbé. Apá kan nínú àbùdá ìran tó ń mú oyin gbogbo àdúgbò yè ló bá a lọ.

Oyin tiwa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Apis mellifera adansonii, kì í ṣe ẹran ọ̀sìn bíi ti Yúróòpù. Inú ihò igi àti abẹ́ òrùlé ni púpọ̀ nínú wọn ń dá gbé. Àwọn tó ń sin oyin lọ́dọ̀ wa kì í sábà ra ayaba. Ìda ni wọ́n ń fi pa inú àpótí, wọ́n á gbé e sórí igi títí oyin yóò fi wá wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ wá wo bí oyin ṣe ń bímọ. Òṣìṣẹ́ oyin ní krómósómù 32, akọ ní 16 péré, nítorí ẹyin tí kò gba àtọ̀ ló ń di akọ. Akọ oyin kò ní bàbá. Ní 2003, àwọn onímọ̀ ṣàwárí jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní csd, tó ní ẹ̀dà oríṣiríṣi. Bí ẹ̀dà tí ọmọ gbà lọ́dọ̀ ìyá bá yàtọ̀ sí ti bàbá, abo ni yóò jẹ́. Bí méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, akọ tí kò wúlò ló máa dà, àwọn òṣìṣẹ́ á sì jẹ ẹ́ nígbà tó ṣì wà ní ìdin. Bí ayaba àti akọ tó gùn ún bá jọ ní ẹ̀dà kan náà, ìdajì ẹyin tí akọ yẹn fi àtọ̀ sí ló máa ṣòfò. Ìdí nìyí tó fi dára pé ayaba máa ń bá akọ tó lé ní mẹ́wàá lò pọ̀ lójú ọ̀run, láti ilé oyin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí igbó bá ti gé kélekèle, tí ilé oyin méjì-mẹ́ta péré ṣẹ́ kù, ta ni ayaba yóò bá pàdé bí kò ṣe ọmọ ìyá rẹ̀? Ẹnikẹ́ni kò ní rí òkú oyin nílẹ̀. Afárá tó yẹ kí ọmọ kún fọ́fọ́ ni yóò kàn máa ní ihò òfìfo káàkiri.

Àwọn kan yóò ní oyin Áfíríkà le, kò sí ohun tó lè rán an lọ. Òótọ́ wà níbẹ̀. Varroa, kòkòrò pupa tíńtín tó jẹ́ ìbátan eégbọn, ń pa oyin Yúróòpù tí wọn kò bá fi oògùn tọ́jú. Ó wọ Gúúsù Áfíríkà ní 1997, àmọ́ kò tó ọdún mẹ́wàá tí oyin ibẹ̀ fi kọ́ bí a ṣe ń bá a gbé. Ní 2012, ìròyìn ìmọ̀ jáde pé ó ti wà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà níbí. Ṣùgbọ́n kí ló gba ti Gúúsù Áfíríkà là? Oyin igbó pọ̀ níbẹ̀, àbùdá wọn sì yàtọ̀ síra, tí èyí tó lágbára fi rí àyè bí irú tirẹ̀. Bí a bá pa oyin igbó run, líle tí a fi ń yangàn ti lọ nìyẹn.

Líle yẹn pàápàá kò kan májèlé. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo jíìnì oyin tán ní 2006, wọ́n rí i pé àwọn jíìnì tó ń tú májèlé ká lára rẹ̀ kéré gan-an sí ti eṣinṣin àti ẹ̀fọn. Ọ̀tápíapía tí ẹ̀fọn lè yè bọ́ nínú rẹ̀ lè gbé oyin lọ. Èéfín ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Ní 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Southampton fi hàn pé èéfín dísẹ̀ẹ̀lì ń ba òórùn òdòdó jẹ́: kò tó ìṣẹ́jú kan tí méjì nínú kẹ́míkà òórùn náà fi pòórá, oyin tí wọ́n ti kọ́ ní òórùn yẹn kò sì dá a mọ̀ dáadáa mọ́. Ẹ wo iye tírélà tó ń kọjá ní Mówè lóòjọ́, kí ẹ sì rántí àwọn òdòdó ewé Akíntọ́lá tó ń tanná lẹ́bàá ọ̀nà nígbà ọyẹ́.

Ẹni tó bá ní oyin ń pa èèyàn, kò purọ́; kí onílé tó ní ọmọ kékeré má fi oyin sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ oyin tó so mọ́ ẹ̀ka igi lójú ọ̀nà ìrìn-àjò wọn kò ní ọmọ tàbí afárá tí wọn yóò jà lé lórí, wọn kì í sì í sábà ta èèyàn tí kò bá yọ wọ́n lẹ́nu. Dípò kí a da pẹtiróòlù sí wọn, kí a pe ẹni tó ń sin oyin: ìrọ̀lẹ́ ni yóò gbé àpótí wá. Ní ti igbó, ilẹ̀ àbàtà etí odò Ògùn lẹ́yìn Ìbàfò kò yẹ fún ilé kíkọ́ rárá, omi ń ya wọlé síbẹ̀ lọ́dún tójò bá pọ̀. Kí Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé fi àwọn igi ńlá oníhò ibẹ̀ sílẹ̀ ní ìdúró.