Àgò Onílé: Bí Windows àti Linux Ṣe Lè Bára Gbé Láìba Ẹrù Ara Wọn Jẹ́

Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí òbí àti ọmọ jọ ń lò. Òbí fẹ́ Windows, nítorí pé òun ni ó ti mọ́ ọn lára. Ọmọ tí ó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga fẹ́ Linux, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, òun sì ni ó bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ mu. Dípò kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà kejì, wọn a fi ètò méjèèjì sórí ẹyọ kan, kí ó máa béèrè èwo ni a fẹ́ lò nígbàkígbà tí a bá tàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú ilé tèmi. Windows ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ ń lò. Ubuntu, tí í ṣe ọ̀kan lára ẹ̀yà Linux, ni ti àkọ́bí wa obìnrin.

Kì í pẹ́ kí ẹnì kan tó nílò ẹrù tí ó wà ní ìhà kejì. Nínú ilé wa, ohùn ìyá ọkọ mi ni. Kí Màmá tó di olóògbé, a gba ohùn wọn sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ki àwọn ọmọ ọmọ wọn ní oríkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìhà Windows ni fáìlì náà wà, ọmọ mi sì fẹ́ lò ó fún iṣẹ́ tí ó ń ṣe ní ìhà Ubuntu. Ó bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé kí n kàn wọlé lọ mú un ni?" Títún kọ̀ǹpútà ṣe ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun, nítorí náà mo mọ ìdí tí ó fi yẹ kí á dúró díẹ̀. Nílẹ̀ wa, ẹni tí ó fẹ́ wọlé onílé a kọ́kọ́ ké àgò, á sì dúró títí wọn yóò fi dá a lóhùn pé àgò yà. Bí ó ti yẹ kí ó rí nínú kọ̀ǹpútà náà nìyẹn.

Ilé kan, yàrá púpọ̀

Hard disk inú kọ̀ǹpútà dà bí ilé ẹbí tí a pín sí yàrá. Yàrá kọ̀ọ̀kan ni a ń pè ní ìpín. Windows ní ìpín tirẹ̀, Linux ní tirẹ̀, oníkálukú sì ní ọ̀nà tí ó ń gbà to ẹrù. Ọ̀nà ti Windows ni NTFS. Èyí tí Ubuntu sábà máa ń lò ni ext4. Linux mọ ọ̀nà méjèèjì: ó lè ka ohun tí ó wà nínú NTFS, ó sì lè kọ nǹkan sí i. Windows ní tirẹ̀ kò mọ ext4 rárá, àfi bí a bá fi irinṣẹ́ mìíràn kún un. Láti ibí ni ewu méjì ti ń wá.

Onílé tí ó ń sùn

Láti ìgbà tí Windows 8 ti jáde ní ọdún 2012 ni ohun kan ti wà nínú Windows tí ń jẹ́ Fast Startup. Níbi tí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, bí a bá tẹ Shut down, Windows kì í kú tán. Á kó apá kan ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ pamọ́ sínú fáìlì kan lórí hard disk, kí ó lè tètè jí nígbà tí a bá tún tàn án. Lójú wa, ó ti kú; oorun ni ó ń sùn. Ó ṣì rántí ibi tí ó gbé ẹrù kọ̀ọ̀kan sí. Bí ẹlòmíràn bá gba ìhà Linux wọ yàrá náà, tí ó sún àpótí, tí ó kó aṣọ kúrò, onílé yóò jí, yóò sì máa fi ìrántí àná ṣiṣẹ́ nínú yàrá tí ó ti yí padà. Níbẹ̀ ni fáìlì ti ń bàjẹ́.

Ìdí nìyí tí Linux fi sábà máa ń kọ̀ láti kọ nǹkan sí ìpín Windows tí ó bá rí àmì oorun yìí lára rẹ̀. Á gbà kí a wò, kò ní gbà kí a fọwọ́ kàn án. Àwọn kan a lọ wá àṣẹ tí yóò fi tipátipá ṣí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ máa ń pa ohun tí Windows kó pamọ́ rẹ́, iṣẹ́ tí a kò tíì parí sì lè bá a lọ. Ẹ padà sínú Windows, kí ẹ di bọ́tìnì Shift mú bí ẹ ti ń tẹ Shut down. Nígbà náà ni yóò kú tán. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí pátápátá, ẹ wọ Power Options nínú Control Panel, kí ẹ pa Fast Startup níbẹ̀. Ẹ má sì ṣe lo Hibernate nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọjá sí Linux.

Ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ má tíì fọwọ́ kàn

Ẹni tí ó fẹ́ mú ẹ̀dà fáìlì jáde kò nílò àṣẹ láti kọ ohunkóhun. Ní Ubuntu, àṣẹ lsblk -f yóò to gbogbo ìpín sílẹ̀, yóò sì fi irú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ hàn. Bí a bá ti mọ èyí tí í ṣe ti Windows, a ó fi àṣẹ mount ṣí i pẹ̀lú -o ro, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kíkà nìkan ni a gbà láyè. Ọmọ mi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wọ inú Users, níbi tí fáìlì wa máa ń wà, ó da ohùn Màmá kọ sí ìhà tirẹ̀, ó sì fi umount ti ilẹ̀kùn padà. Bí ìka rẹ̀ tilẹ̀ ṣèèṣì tẹ Delete, kò sí ohun tí ìbá parẹ́.

Ewu kejì wà ní ìhà Windows. Bí Windows bá ṣe alábàápàdé ìpín Linux, ó lè gbé ọ̀rọ̀ jáde pé àfi kí a format rẹ̀ kí a tó lè lò ó. Kò mọ ohun tí ó wà nínú yàrá náà, ó sì rò pé òfìfo ni. Oníbàárà mi kan gbà á gbọ́, ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ rẹ̀ ní yunifásítì sì bá a lọ. Díẹ̀ ni mo rí yọ padà nínú rẹ̀. Cancel ni kí ẹ tẹ. Ẹ sì sọ fún gbogbo ẹni tí ó ń lo kọ̀ǹpútà náà, títí kan àbúrò tí ó kàn wá ṣeré lórí rẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ilé ń lò

Bí ẹ bá ń pààrọ̀ fáìlì lójoojúmọ́, ẹ ṣe ìpín kẹta tí yóò jẹ́ ti gbogbo ilé. Irinṣẹ́ Windows fúnra rẹ̀, Disk Management, ni kí ẹ fi dín ìpín Windows kù láti rí àyè fún un, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ní ẹ̀dà gbogbo ẹrù yín níbòmíràn. NTFS tàbí exFAT dára fún un. FAT32 kò lè gba fáìlì kan tí ó bá tó 4 GB, fídíò ìgbéyàwó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rántí pé oorun Windows kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí náà. Bí ìpín NTFS bá sì ní àṣìṣe, Windows ni kí ẹ jẹ́ kí ó fi chkdsk tún un ṣe.

Kọ́kọ́rọ́ àti ẹ̀dà

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun ni ó ń fi BitLocker ti ìpín Windows pa. Bí a bá yí ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tàn padà, bí i ìgbà tí a bá ń fi Linux kún un, ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48. Ẹ wá kọ́kọ́rọ́ yìí nínú àkáǹtì Microsoft yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì fi pamọ́ síbi tí ìwé ilé yín wà.

Paríparí rẹ̀, fáìlì tí ó wà ní ìpín méjì lórí hard disk kan kì í ṣe ẹ̀dà méjì tí a lè fọkàn tẹ̀. Ilé kan náà ni yàrá méjèèjì wà. Bí iná bá jó ilé, tibi-tìran ni ó ń jó. Ẹ ra hard disk tí ó dá dúró, kí ẹ da fọ́tò àti ohùn àwọn àgbà yín kọ sí i, kí ẹ yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì gbé e sí yàrá mìíràn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó láti ṣe é.